Afẹ́fẹ́ Tí Ń Jò, Owó Oṣù Wa Ni



Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò, kò sí ẹni tí a ní láti ṣàlàyé ọ̀wọ́n epo fún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n tún gbé owó iná mànàmáná àwọn oníbàárà Band A láti ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000 bọ́ sí ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún náà. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn: owó iná lé ní ìlọ́po mẹ́ta, owó oṣù kò tó ìlọ́po méjì àbọ̀.

Bí a bá jókòó láti sọ̀rọ̀ owó oṣù, ohun tí àwọn alákòóso kọ́kọ́ ń sọ ni pé iná àti epo dísẹ́ẹ̀lì ti kó èrè lọ. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ibi tí iná náà ń gbà lọ? Kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì. Àwa tí a ń dúró ti ẹ̀rọ ni.

Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ ní àkókò oúnjẹ, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ bá dákẹ́. Ariwo "ṣìì" tí ẹ ń gbọ́ lára rọ́bà afẹ́fẹ́ yẹn, owó ni ó ń jò. Níbi tí a kò bá ti ń dí ojú ibi tí ó ń jò, ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lè ṣòfò bẹ́ẹ̀. À ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀, tiyín náà wà ńbẹ̀. Tírélà tí ó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ń mu nǹkan bí lítà 3 epo dísẹ́ẹ̀lì ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ 10 bá dúró de ẹrù báyìí fún wákàtí 2, lítà 60 ti jóná láìsún síwájú. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń jẹ epo. Títẹ tọ́tù bí ẹni tí wọ́n ń lé ń jẹ epo.

Èéfín rẹ̀ kò sì lọ lásán. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń da èéfín kábọ́ọ̀nù bíi kílò 2.7 sí ojú sánmà. Òun ni ó ń bo ayé bí ìdérí ìkòkò, tí ooru kò fi rí ọ̀nà jáde. Lóòótọ́, èyí tí gbogbo Áfíríkà ń dà kò ju nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọrùn àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ni ẹ̀bi wà. Ṣùgbọ́n omi kì í bèèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Ní ọdún 2022, ìkún omi pa ju 600 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà. Ó dí ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Àbújá, àwọn awakọ̀ sì sùn sójú ọ̀nà ti ẹrù wọn.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ wa fara mọ́ dídín ìlò iná àti epo kù. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni àwọn alákòóso gbọ́dọ̀ bá wa tọwọ́ bọ̀wé lé lórí. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ìfowópamọ́ lé òṣìṣẹ́ kúrò tàbí gé ṣíìfù rẹ̀. Èkejì, fáànù tí ń fa eruku jáde àti iná tí a fi ń ríran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí a ń pa. Ìka ọwọ́ ju owó iná lọ. Kí wọ́n yọ gílóòbù 60 wáàtì, kí wọ́n fi LED 9 wáàtì sí i. Ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ̀kẹta, kí aṣojú ẹgbẹ́ àti máníjà jọ máa ka mítà lóṣooṣù, kí apá kan ohun tí a bá rí fi pamọ́ sì padà sí owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́. Ọwọ́ tí ó dí ihò, ó yẹ kí ó kan ọbẹ̀.

Kí ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù kọ ibi mẹ́ta tí iná, afẹ́fẹ́ tàbí epo ti ń ṣòfò níbi iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó fún aṣojú rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà bá wà lórí tábìlì, a ó gbọ́ bí wọn yóò ṣe tún sọ pé kò sí owó.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìṣọ̀kan ni agbára!