Ilé tí èèyàn ń gbé, ẹ má sọ ọ́ di ti 1920

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi fóònù ya ilé amọ̀ ní Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ. Mo fẹ́ràn fótò dúdú àti funfun gan-an. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń lò ó báyìí ò tẹ́ mi lọ́rùn.

2/ Ẹ wò ó. Ilé amọ̀, páànù ẹ̀ ti dípẹtà, ìyá àgbà ṣì ń sùn níbẹ̀. A yà á, a bọ́ àwọ̀ kúrò lára ẹ̀, a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan á bèèrè pé, "Ṣé 1920 nìyí?" Inú wa á wá máa dùn. Lánàá la yà á o!

3/ Ògiri pupa yẹn, iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Àwọ̀ yẹn ló ń sọ ibi tí ilé ti wá. Tẹ́ ẹ bá máa mú un kúrò, ó yẹ kí nǹkan mìíràn wà tẹ́ ẹ fẹ́ ká rí.

4/ Bí àpẹẹrẹ: àwọn òpó tí Agbọ́nbíofé gbẹ́ sí ààfin Ẹ̀fọ̀n ní bíi 100 ọdún sẹ́yìn. Nínú dúdú àti funfun, òjìji ló máa fi hàn yín ibi tí ọ̀bẹ gbà.

5/ J.D. 'Okhai Ojeikere (1930–2014) bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ní 1968, ní dúdú àti funfun. Irun ìgbà yẹn gan-an ló ń yà. Kò sọ wọ́n di àtijọ́. Ọwọ́ onídìrí ló fẹ́ ká rí.

6/ Ẹ fi èyí sọ́kàn: ògiri pupa àti ewé tútù lè di àwọ̀ eérú kan náà nínú dúdú àti funfun. Ẹ dúró de oòrùn àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìgbà yẹn ni ojú ògiri máa yọ.

7/ Igi ńkọ́? Tó bá ti di October, fótò igi tó ń wọ́wé ní London àti Toronto la máa ń "like" kiri. Ṣé tiwa kì í wọ́wé ni? Tọ̀hún, òtútù àti ọjọ́ kúkúrú ló fà á. Tiwa, àìtó omi ni. Àràbà ń wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn, tíìkì náà ń wọ́wé. Tí ọyẹ́ bá dé, àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n á máa parẹ́ sínú kùrukùru: èyí tó sún mọ́ wa dúdú, èyí tó jìnnà funfun. Ẹ ò nílò fílítà kankan jàre!

8/ Torí náà: ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé. Ẹ tọ́jú fótò aláwọ̀ náà, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ orúkọ ìlú, àdúgbò, oṣù àti ọdún sí i. Tí wọ́n bá wó ilé yẹn lọ́la láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, fótò yín lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù.

9/ Àwọn kan á ní, "Iṣẹ́ ọnà ni, má dà wá láàmú." Ó dáa, ọnà ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ni ilé ò tíì kú. Tí wọ́n bá rí fótò yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lè sọ pé, "Ilé mi nìyí."