Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́



Nínú ẹgbẹ́ wa, bí ọmọ kan bá rí àyè wọ yunifásítì láti kọ́ṣẹ́ dókítà, gbogbo wa la máa ń jó. Ìyá ọmọ a ra aṣọ, bàbá ọmọ a pe ará àti ọ̀rẹ́, a ó jẹ ìrẹsì, a ó jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè níbi àsè náà: irú dókítà wo la fẹ́ kí ọmọ yìí dà? Ṣé èyí tó kàn mọ orúkọ oògùn ni, àbí èyí tó lè la ẹnu rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rẹ́ aláìsàn jẹ?

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Ìyá kan láàrin wa ló ṣẹlẹ̀ sí, òun náà ló sì ní ká sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ọsibítù náà. Ìju ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lóṣooṣù títí ó fi ń rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó wá rí dókítà àgbà, bàbá ọmọ wà níbi iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ìyá kò sì fi bẹ́ẹ̀ já gaara. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 10, ló bá a lọ kó lè máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn yóò yọ ilé ọmọ. Ọmọ ò mọ ohun tí à ń pe ìyẹn ní Yorùbá, bóyá kò tilẹ̀ mọ ohun tó jẹ́ rárá. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní àwọn máa tún inú yín ṣe, ẹ̀jẹ̀ ò ní dà mọ́." Ìyá ní, "Ó dáa, Ọlọ́run á bùkún wọn." Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá, ó mú bírò, ó kù díẹ̀ kó fọwọ́ sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ dókítà kan jókòó sí igun yàrá náà. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kò sì gbọ́ ohun tí ìyá àti ọmọ ń bá ara wọn sọ. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ gígùn tí dókítà sọ di gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu ọmọ, ìyá sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni wọ́n máa sọ fún pé wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ rẹ̀ tó máa rẹ́rìn-ín? Ó rọra sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé bóyá kí wọ́n pe ògbufọ̀ lórí tẹlifóònù. Inú ọ̀gá ò kọ́kọ́ dùn, nítorí aláìsàn pọ̀ níta. Ṣùgbọ́n wọ́n pè é. Nígbà tí ògbufọ̀ dárúkọ ilé ọmọ, bírò bọ́ lọ́wọ́ ìyá.

Kò kọ ìtọ́jú o. Ó lọ sílé, ó bá bàbá ọmọ jíròrò, ó padà lọ béèrè bóyá wọ́n lè yọ ìju nìkan. Wọ́n ṣàlàyé ire àti ewu ọ̀nà méjèèjì fún un, ó sì mú èyí tó wù ú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló yàn án. Nígbà tó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà, èsì tó gbọ́ ni pé, "Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kí ni wọ́n kọ́ wọn?

Ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni, àti bí dókítà ṣe lè gbẹnu sọ fún aláìsàn. Ní 1999, Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Àgbáyé ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fi ẹ̀kọ́ yìí sínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní 2000, ìgbìmọ̀ kan ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣàlàyé ẹ̀tọ́ sí ìlera ní ọ̀nà 4 tí ọmọdé pàápàá lè há sórí. Èkínní, kí ìtọ́jú wà. Èkejì, kí ó ṣeé dé fún olówó àti tálákà, láìsí ìyàsọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó bọ̀wọ̀ fún àṣà àti iyì ẹni. Ẹ̀kẹrin, kí ó jẹ́ ojúlówó. Ẹ fi ìyá wa yìí wọ̀n ọ́n: ọsibítù wà, dókítà mọṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣé a lè ní ìtọ́jú náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ẹlòmíràn lè ní, "Ṣé ìwé egungun àti ẹran ara kò tó wọn í kà ni?" Ẹ jẹ́ ká lọ sí Gúúsù Áfíríkà, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn náà ti hàn gbangba.

Dókítà méjì àti aláìsàn kan

Steve Biko, tí òun náà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Natal rí, ni ọlọ́pàá mú ní oṣù kẹjọ ọdún 1977. Ọwọ́ wọn ni ó wà ní Port Elizabeth tí ọpọlọ rẹ̀ fi fara pa. Dókítà ìjọba méjì, Ivor Lang àti Benjamin Tucker, wá wò ó. Nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n bá a, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́. Lang kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ò rí nǹkan kan tó ṣe é. Wọ́n fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ wà nínú omi náà. Síbẹ̀, Tucker gbà kí ọlọ́pàá fi mọ́tò gbé e lọ sí Pretoria, ìrìn tó lé ní 1,000 kìlómítà. Ìhòòhò ni wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn Land Rover. Ó kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ọdún 30 ni.

Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe àwọn dókítà yìí ló lù ú. Ìwé ẹ̀rí wọn pé. Ohun tí wọn ò bi ara wọn ni pé, "Ta ni mò ń ṣiṣẹ́ fún?" Ọlọ́pàá ń pàṣẹ, aláìsàn wà nílẹ̀ níwájú wọn, ti ọlọ́pàá ni wọ́n gbọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà nílẹ̀ náà kọ́kọ́ ní kò sí ẹjọ́. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ọdún 1985 ló sì tó kan Tucker kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà.

Ní 1985 yẹn kan náà, ní Port Elizabeth kan náà, ní ọ́fíìsì tí Lang jẹ́ ọ̀gá, dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan wà tó ń jẹ́ Wendy Orr. Kò tí ì pẹ́ tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kó àwọn tó wà ní àhámọ́ wá síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ pàṣán àti etí tí wọ́n ti gbá fọ́. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí i pé àwọn ọ̀gá ò ṣe nǹkan kan, ó kó ìwé rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ gíga ní oṣù kẹsàn-án. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá ṣíwọ́ lílù wọ́n. Wọ́n gba iṣẹ́ títọ́jú àwọn tó wà ní àhámọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òtítọ́ ti jáde. Lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wó, òun náà di ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà. Ìgbìmọ̀ náà jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníṣẹ́ ìlera ní 1997, ó sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa kọ́ gbogbo wọn ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Ṣé ẹ rí i? Ọ́fíìsì kan náà, irú aláìsàn kan náà. Bírò ni Lang mú, bírò náà ni Orr mú. Ohun tí kálukú fi kọ ló yàtọ̀.

Àwa náà ní tiwa

Kí ọmọ wa má rò pé ìtàn àlejò nìkan lèyí. Dókítà Beko Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester níbí ló ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ní 1977, ọdún tí Biko kú, àwọn sójà dáná sun ilé Fẹlá àbúrò... ẹ má bínú, Fẹlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ilé ìwòsàn Beko sì bá a lọ. Kò torí ìyẹn dákẹ́. Ní 1985, nígbà tí àwọn dókítà ń jà pé kò sí oògùn lọ́sibítù, ìjọba ológun fòfin de ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ti òun mọ́lé. Ní 1989, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn sílẹ̀. Ní 1995, ilé ẹjọ́ ológun tún rán an lẹ́wọ̀n, ọdún 1998 ló tó jáde. Ó papò dà ní 2006.

Ní Ìlú Ọba níbí ńkọ́? Àwọn tó ń tọpa ikú aboyún fi hàn pé láàrin 2014 sí 2016, ewu kí aboyún aláwọ̀ dúdú kú jẹ́ ìlọ́po 5 ti aláwọ̀ funfun. Láàrin 2020 sí 2022, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí ìlọ́po 3. Ó sàn, ṣùgbọ́n kò tí ì tán. Ní 2020, Malone Mukwende, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní St George's ní London, rí i pé àwòrán àìsàn ara tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn, ara funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Báwo ni dókítà á ṣe mọ bí èélá tàbí àìrí èémí ṣe ń hàn lára dúdú? Òun àti olùkọ́ méjì kọ ìwé kan, Mind the Gap, tó fi àwòrán rẹ̀ hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà yẹn o, kò dúró kó di ọ̀gá.

Iṣẹ́ tó kù sílé

Ẹ̀yin òbí, ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. A kọ́ ọmọ wa pé kì í dá àgbà lóhùn. Ẹ̀kọ́ rere ni, a ò ní ká fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún kọ́ wọn bí ọmọ ṣe ń fi ọ̀wọ̀ sọ òtítọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan." Ìyẹn kì í ṣe àfojúdi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tí ò lè sọ irú rẹ̀ ní tábìlì oúnjẹ wa, báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́ níwájú dókítà àgbà?

Ohun kejì: ẹ má mú ọmọ kékeré lọ ṣe ògbufọ̀ mọ́. A mọ̀ pé ó rọrùn, àwa náà ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ẹrù tó wúwo ni fún ọmọ, ewu ni fún yín. Ní NHS, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ fún ògbufọ̀. Bí ẹ bá ti gba lẹ́tà, ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ tó pé, ẹ ní, "Yorùbá ni mo ń sọ." Bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù wá tí ọ̀rọ̀ ò tíì yé yín, ẹ gbé bírò sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kàwé ìṣègùn tàbí nọ́ọ̀sì, bí ẹ bá bá ìyá arúgbó kan pàdé lọ́sibítù tó ń mi orí sí gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ rántí pé ìyá tiyín ni.

Fún àwọn ọmọ kéékèèké, ìbéèrè 2 rèé, kí ẹ dáhùn lọ́dọ̀ Mọ́mì àti Dádì lálẹ́ òní. Èkínní: bí ẹ bá jẹ́ Wendy Orr, tí ọ̀gá yín ní kí ẹ dákẹ́, kí lẹ máa ṣe? Èkejì: kí ni à ń pe ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ilé ọmọ lédè Gẹ̀ẹ́sì? Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n lédè méjèèjì, a ó pàtẹ́wọ́ fún un nípàdé wa tó ń bọ̀.

Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ó dìgbà kan ná. Àlàáfíà fún gbogbo ilé o.