Ẹńjìnnì Tí Ń Húkọ́ Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan

Àìsàn tí ó máa ń wá tí ó sì máa ń lọ ni ó ń da oníṣègùn láàmú jùlọ. Ara ọmọ lè gbóná ní gbogbo òru, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ara ti tutù, ọmọ sì ti ń ṣeré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọkọ̀ tí ẹńjìnnì rẹ̀ ń húkọ́ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ a máa dún geere nígbà tí ó bá dé iwájú mẹkáníìkì.

Ìyá kan tí ń ṣòwò ẹja yíyan àti àgbọn ní agbègbè Àgbádárìgì fi irú ọ̀ràn yìí lọ̀ wá. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀ náà. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, pàápàá lẹ́yìn òjò, ọkọ̀ a máa gbọ̀n, a sì máa lọ́ra bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú láti ẹ̀yìn. Iná kékeré tí ó ní àwòrán ẹńjìnnì a sì tàn níwájú awakọ̀. Bí oòrùn bá ràn, gbogbo rẹ̀ a rọlẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, wọ́n ti ra pọ́ńpù epo, síbẹ̀ ọ̀ràn kò yí padà. Nísinsìnyí a ní kí wọ́n ra odidi ẹńjìnnì mìíràn, owó tí ó sì wà nílẹ̀ ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ wa bóyá kí òun san án. Èsì wa nìyí: Ìyá wa, ẹ má tíì san án.

Ohun mẹ́ta ni ẹńjìnnì bẹntiróòlù ń béèrè: epo àti afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ìfúnpọ̀ tí ó lágbára nínú silíńdà, àti iná tí ń ṣẹ́ ní àkókò rẹ̀. Bí ẹńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́ nínú silíńdà kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí iná bá kọ̀ láti ṣẹ́, tàbí tí epo kò jó, ẹńjìnnì a kọsẹ̀. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mísífáyà. Ẹńjìnnì tí ó ti gbó, tí ìfúnpọ̀ rẹ̀ ti lọ, kì í dúró de òjò kí ó tó húkọ́. Àìsàn tí ń tẹ̀lé òjò àti ìrì, ọ̀nà tí iná ń gbà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Ẹ rántí ibi tí a ń gbé. Òkun ń bẹ níwájú, ọ̀sà ń bẹ lẹ́yìn; afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ wá láti Gbérefu gbé iyọ̀ àti ọ̀rinrin lọ́wọ́. Iyọ̀ a máa fa omi mọ́ra, omi iyọ̀ a sì máa gbé iná mànàmáná kọjá. Agbára iná tí kọ́ìlì ń rán sí plọ́ọ̀gì lè ju 20,000 fóòlítì lọ. Bí rọ́bà kọ́ìlì bá sán tín-ín-rín bí irun orí, iná yóò gba ojú ibi tí ó tutù náà sá lọ sára irin, plọ́ọ̀gì kì yóò sì rí i gbà. Bí oòrùn bá ti gbẹ ọ̀rinrin náà, iná a tún padà sí ọ̀nà rẹ̀. Bákan náà ni ìpáàrà aláwọ̀ ewé a máa bo ẹnu wáyà, tí wáyà a máa gbà lónìí, tí a sì máa kọ̀ lọ́la.

Ní ọdún 1975, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá pọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà Àgbádárìgì, ní Ọ̀jọ́, kọ́ìlì kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ fún silíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí kọ́ìlì bá kú, ọkọ̀ dúró, ọ̀ràn parí. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ òde òní, silíńdà kọ̀ọ̀kan ni ó ní kọ́ìlì tirẹ̀. Ọ̀kan lè máa ṣàìsàn nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù ń fa ọkọ̀ lọ.

Síbẹ̀, ọkọ̀ òde òní ní ẹlẹ́rìí tí Ìjàpá kò ní. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a bá tà ní ilẹ̀ wọn ní ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ẹńjìnnì, tí ó sì ń kọ àléébù rẹ̀ sílẹ̀. Mẹkáníìkì tàbí réwáyà tí ó ní ẹ̀rọ sikánì lè kà á. Bí ó bá rí P0301, silíńdà kìn-ín-ní ni ó ń kọsẹ̀. P0302 ni èkejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. P0300 ń sọ pé ìkọsẹ̀ náà kò dúró sí ojú kan, èyí sì lè tọ́ka sí epo tàbí afẹ́fẹ́ tí gbogbo silíńdà jọ ń lò. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tí kò náni ní kọ́bọ̀. Bí silíńdà kejì bá ni ó jẹ̀bi, kí mẹkáníìkì pa ẹńjìnnì, kí ó fi kọ́ìlì èkejì sí ipò ẹ̀kẹta, kí ó sì mú ti ẹ̀kẹta wá sí ipò èkejì. Bí P0303 bá yọ nígbà tí ọkọ̀ bá tún húkọ́, kọ́ìlì ni ọ̀daràn. Bí P0302 bá dúró síbẹ̀, kí ó ṣe plọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó yẹ ẹnu wáyà àti ẹ̀rọ tí ń fín epo wò. Ohun kan ni kí ó yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó yí mẹ́ta padà pọ̀ kò lè mọ èyí tí ó wo ọkọ̀ sàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ ẹńjìnnì tuntun kí a tó wọn ìfúnpọ̀ silíńdà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti epo, omi a máa wọ inú kẹ́ẹ̀gì àti táńkì. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fa díẹ̀ sínú ìgò funfun, ní ìta gbangba, níbi tí iná kankan kò sí. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ; nítorí náà bí omi bá wà nínú rẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, ojú yóò sì rí ààlà wọn.

Iṣẹ́ awakọ̀ ni láti jẹ́rìí. Kí ó ní ìwé kékeré kan, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkúùgbà: agogo mélòó ni, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, ẹńjìnnì tutù tàbí ó gbóná, ẹrù wà tàbí kò sí, níbo ni a ti ra epo kẹ́yìn. Ìwé ọ̀sẹ̀ méjì yóò ran mẹkáníìkì lọ́wọ́ ju àròyé ọjọ́ kan lọ.

Ṣùgbọ́n bí iná iwájú awakọ̀ bá ń ṣẹ́jú, kí ó má ṣe fi ipá wa ọkọ̀ náà. Epo tí kò jó ti ń wọ inú páìpù èéfín, ó sì lè mú kí ibẹ̀ gbóná tó láti ba nǹkan jẹ́ àti láti ran koríko gbígbẹ. Kí ó rọra kúrò lójú ọ̀nà, kí àwọn tírélà tí ń ti Sẹ́mẹ̀ bọ̀ má bàa bá a níbi tí agbára ti tán lọ́wọ́ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa tí a ń sanwó. A máa ń sanwó fún plọ́ọ̀gì tí a fojú rí, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ sanwó fún wákàtí méjì tí mẹkáníìkì fi wá ìdí ọ̀ràn. Nítorí náà ni ó fi ń tètè tà fún wa ohun tí a lè dì sọ́wọ́. Ẹ bá a dúnàá-dúrà owó ìwádìí lọ́tọ̀, kí ẹ sì san án tayọ̀tayọ̀, bí kò bá tilẹ̀ ta ohunkóhun fún yín ní ọjọ́ náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.