Kí Ara Ẹja Kọ́kọ́ Yá Ná

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo pa ẹja mẹ́ta níbi tí mo ti fẹ́ wò wọ́n sàn. Ẹja molly dúdú mẹ́rin ni mo ní nínú àpótí onígíláàsì kékeré kan. Mo rí àmì funfun wínníwínní lára ọ̀kan nínú wọn, bí ẹni pé ẹnì kan wọ́n iyọ̀ sí i lára. Mo ti gbọ́ pé ẹja molly lè gbé inú omi òkun. Mo sì ti gbọ́ pé iyọ̀ ń pa kòkòrò tó ń fa irú àmì bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n kúkú ṣe méjèèjì pọ̀. Mo da iyọ̀ òkun rẹpẹtẹ sínú omi wọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló kù láàyè.

Ohun tí mo gbà gbọ́ lónìí ni pé kò yẹ kí a gbé ẹja tó ń ṣàìsàn lọ sínú omi òkun. Ìtọ́jú ni iṣẹ́ kìíní. Ìyípadà omi ni iṣẹ́ kejì. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ń fi ẹ̀mí ẹja ta tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí omi ń ṣe lára ẹja. Iyọ̀ tó wà nínú ara ẹja odò pọ̀ ju èyí tó wà nínú omi tó yí i ká. Nítorí náà, omi ń wọ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹja náà sì ń tọ̀ ọ́ dànù láìsinmi. Ti ẹja òkun yàtọ̀ pátápátá. Nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ yìí sì máa ń fa omi jáde lára ẹja. Ẹja òkun ní láti máa mu omi, kí ó sì máa lé iyọ̀ tó pọ̀ jù jáde. Ẹja tó bá fẹ́ kúrò nínú omi odò bọ́ sínú omi òkun ní láti yí iṣẹ́ ara rẹ̀ padà sódì.

Ẹja goldfish kò lè ṣe é. Molly lè ṣe é, nítorí pé àwọn ìbátan rẹ̀ ń gbé etí òkun Mẹ́síkò àti Florida, níbi tí omi odò àti omi òkun ti ń pàdé. Ṣùgbọ́n kí molly tó wọ òkun, ó gbọ́dọ̀ ní okun. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ kíyè sí àmì ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn. Aláìsàn kò ní okun.

Ẹ tún wo ọ̀sà Èkó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú omi rẹ̀. Nígbà òjò, omi odò á ya wọ̀ ọ́, iyọ̀ á sì dínkù. Ẹpìyà ọ̀sà ń gbé inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àti oṣù ni òjò fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe òru ọjọ́ kan.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ṣebí iyọ̀ gan-an ni oògùn àìsàn náà?” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ló ṣe kókó. Gíráàmù 2 sí 3 nínú lítà omi kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún àmì funfun. Èyí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iyọ̀ òkun. Wọ́n á tún mú kí omi náà máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí dé 30°C, wọ́n á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i dáadáa. Kòkòrò náà ń fara pamọ́ sábẹ́ awọ ẹja, níbi tí oògùn kò lè dé. Tó bá yá, á já bọ́, á sì bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Ìgbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láti wá ẹja ni oògùn tó lè pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ dá ìtọ́jú dúró ní ọjọ́ tí àmì funfun bá pòórá.

Àwọn mìíràn máa ń rí molly tó ń gbọ̀n lójú kan, wọ́n á ní òkun ló ń wù ú. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi tó dọ̀tí tàbí tó tutù jù ló ń dà á láàmú. Ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó dá ẹja lẹ́bi.

Bí ara ẹja bá ti yá tán, tí ó ń jẹun, tí ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kejì. Ẹ ra iyọ̀ tí wọ́n pò fún ẹja òkun, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ yọ́ ọ sínú omi lọ́tọ̀ kí ẹ tó dà á sínú àpótí. Tí ẹ bá ń fi gíráàmù 2 kún lítà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méjì-méjì, ẹ ó lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é láàárín wákàtí díẹ̀, tí ẹja wọn sì ń yè. Ẹja tó le koko ni tiwọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹja kan tó kù mí kù nígbà yẹn, mo dá a padà díẹ̀díẹ̀ sínú omi tí kò níyọ̀, mo sì wo àìsàn rẹ̀ sàn. N kò gbé e lọ sínú omi òkun mọ́. Àwa la fẹ́ rí molly nínú omi òkun. Molly kò bẹ̀ wá. Bí a bá máa ṣe ìfẹ́ inú ara wa, ó kéré tán, kí a fún un láyè kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ yá.