Ẹ Gbé Àga fún Ìyá

Bí ìyá àgbà bá gbé korobá omi àlùwàlá, tí ẹ̀yìn mú un lójijì, ọjọ́ ogbó la máa ń dá lẹ́bi. A ò fara mọ́ ọn. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kan lè ti rún, nítorí osteoporosis, àìsàn tó ń sọ eegun di ẹlẹ́gẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan gun ẹ̀yìn náà láti bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lọ ya X-ray.

Ọ̀pọ̀ máa ń san láàárín nǹkan bí oṣù 3 pẹ̀lú oògùn ìrora, ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ àti ìrìn díẹ̀díẹ̀. Ní ti símẹ́ǹtì tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún sínú eegun, ìwádìí 2 tó jáde ní 2009 rí i pé kò dín ìrora kù ju kí wọ́n kàn ṣe bí ẹni ń ṣe é lọ. Ó sàn kí a náwó sórí oògùn tó ń mú eegun le. Bí dókítà bá kọ alendronate ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ìyá fi ife omi kan lò ó lórí òfìfo inú, kó má dùbúlẹ̀, kó má sì jẹun fún ìṣẹ́jú 30. Nínú ààwẹ̀, kó tètè jí ṣáájú sààrì.

Ohun tó ń bí wa nínú ni bí àwọn kan ṣe ń pe ìyá tó kírun lórí àga ní ọ̀lẹ. Títẹ̀ síwájú ń di ẹrù lé eegun tó rún, Ọlọ́hun sì ti yọ̀ǹda ìjókòó fún aláìsàn. Ẹ gbé àga sí sààfù fún un.