Àlọ́ Kì í Ṣe Irọ́: Kí Ọmọ Kéwú Kọ́ Ìdájọ́

Láti ìgbà pípẹ́ ni Ìwó ti jẹ́ ìlú kéwú. Kí ọdún 1900 tó dé, ní ayé Ọba Mọmọdu Lamuye tí í ṣe Mùsùlùmí, ẹ̀kọ́ al-Kùránì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n ka àlọ́ Ìjàpá sí irọ́ tí kò yẹ ilé-kéwú.

Ẹni tó ń purọ́ fẹ́ kí a gba òun gbọ́. Ọmọ wo ló gbọ́ àlọ́ tán tó lọ bá ahun sọ̀rọ̀ lóko? Nínú Súúrà al-Baqara, ẹsẹ 26, Ọlọ́hun fi hàn pé Òun kò tijú láti fi ẹ̀fọn ṣe àkàwé. Nínú Súúrà al-A'rāf, ẹsẹ 176, Ó pàṣẹ kí Ànábì máa sọ ìtàn kí àwọn ènìyàn lè ronú. Ní ọ̀rúndún kẹjọ, Ibn al-Muqaffa' gbé ìtàn ẹranko inú Kalīla wa Dimna wọ èdè Lárúbáwá. Títí dòní ni wọ́n ń kà á.

Ẹ wo àlọ́ Ìjàpá àti Erin. Àwọn ará ìlú ń wá erin, apá wọn kò ká a. Ìjàpá lọ bá Erin nínú igbó, ó ní wọ́n fẹ́ fi í jọba. Inú Erin dùn, ó tẹ̀ lé e tìlù tìfọn. Orí kòtò tí wọ́n tẹ́ ẹní bò ni wọ́n ní kí ó jókòó sí. Bí ó ti jókòó ni ó já sínú rẹ̀, wọ́n sì pa á. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, olùkọ́ á ní ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn má fẹ́ràn oyè jù. Ó parí.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló jẹ̀bi: Ìjàpá tó purọ́, àwọn ará ìlú tó gbẹ́ kòtò, tàbí Erin tí oyè wọ̀ lójú? Bí ọmọ kan bá ní ìlú nílò erin, kí òmíràn bi í bóyá àìní lè sọ irọ́ di ẹ̀tọ́. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀tàn tọ́ lójú ogun, kí olùkọ́ béèrè: ogun wo ni Erin bá wọn jà? Lẹ́yìn àríyànjiyàn ni kí ó tó mú hádíìsì Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wá, pé irọ́ pípa, àìmú àdéhùn ṣẹ àti dída ẹni tó finú tánni wà lára àmì munááfíkì. Nígbà náà, hádíìsì yóò bá ọkàn tó ti ń wá ìdáhùn.

Odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ń ki Ìwó, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ Ìwó máa tún ọ̀rọ̀ sọ bí odídẹrẹ́ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó há hádíìsì sórí lè jí ìwé wò nínú ìdánwò, bí kò bá sí ẹni tó bi í rí pé kí ló dé tí irọ́ fi burú.

Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ọmọdé ya àkókò díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àlọ́ kan àti ìbéèrè kan. Èyí tí ìbọ̀rìṣà bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìyókù pọ̀ tó. Kí Ọlọ́hun fi òye jíǹkí àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Àmín.