Igbó Ọ̀ṣun kì í ṣe ti oṣù kẹjọ nìkan

Bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé, ariwo tí ọ̀pọ̀ òbí ń pa ní Òṣogbo ni pé kò sí ibi tí àwọn lè mú ọmọ lọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Òkè Baálẹ̀, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ lè wọ ọkọ̀ láàárọ̀, kí wọ́n sì rí ohun tí àwọn òyìnbó ń wọ bàálù wá wò, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Igbó Ọ̀ṣun ni àkọ́kọ́. Ní 2005 ni àjọ UNESCO fi í kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa nìkan ló ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ère inú rẹ̀ ni iṣẹ́ Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó sì kú ní oṣù kìíní 2009 lẹ́ni ọdún 93. Adébísí Àkànjí fi sìmẹ́ńtì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, Buraimoh Gbadamosi gbẹ́ òkúta, Kasali Akangbe gbẹ́ igi. Ilé alájà tí Àdùnní gbé wà ní òpópónà Ìbòkun.

Ìlú yìí kan náà ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier ti dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami ti di olókìkí ayàwòrán.

Kí ló wá ń dí àwọn òbí lọ́wọ́? Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá wọ igbó náà ti bọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n wíwò yàtọ̀ sí bíbọ. Ẹ tún orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí kà: orúkọ Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀. Ìtàn ìlú wọn ni àwọn ọmọ yóò bá pàdé, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe nílé.

Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni odò fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Ọ̀ṣun ń gbà kọjá kó tó dé Òṣogbo, iṣẹ́ àwọn awakùsà góòlù níbẹ̀ sì ti sọ omi náà di ẹlẹ́rẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má mu ún. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu omi náà mu.

Ìjọba pẹ̀lú ní iṣẹ́ méjì láti ṣe: kí àwọn ilé-ìwé máa kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ láìdúró de ọdún Ọ̀ṣun, kí a sì dá àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ dúró. Òkè ni omi ti ń tòrò wá. Bí òkè kò bá tòrò, ìsàlẹ̀ kò lè tòrò.